Ọ̀gá iléeṣẹ́ irin, ẹ jẹ́ ká wo inú ààrò kó tó bú

Ta ló fẹ́ yọjú wo ààrò tí irin ti ń yọ́ bí omi, tí ooru ibẹ̀ tó 1,500°C? Ṣùgbọ́n iná ń jẹ bíríkì inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ tó bá jẹ ẹ́ lu, òṣìṣẹ́ ló máa kọ́kọ́ fara gbá a.

Ẹ gbọ́ ná, nǹkan kan wà tó ń jẹ́ muon. Ojú ọ̀run ló ti ń rọ̀ sórí wa lójoojúmọ́. Ó ń gba inú bíríkì àti irin kọjá. Ibi tó bá ki jù, díẹ̀ ló ń jáde níbẹ̀. Wọ́n á ka èyí tó jáde, wọ́n á fi ya àwòrán. Àwọn onímọ̀ Jàpáàn ti fi wo ààrò irin láti 2005.

Òótọ́ ni, ó máa ń pẹ́ kí àwòrán tó yọ. Àmọ́ bíríkì náà kì í jẹ tán lọ́jọ́ kan. Ọ̀fẹ́ ni muon, ẹ̀rọ tó ń kà á la máa rà. Ẹ̀mí òṣìṣẹ́ ńkọ́, ẹ̀yin ọ̀gá? Èló lẹ fẹ́ rà á?