Iṣẹ́ Wákàtí Kan Kì Í Ṣe Iṣẹ́

Ẹni tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ní Agọ́-Ìwòyè yóò rí ọ̀dọ́ tó ti gboyè jáde, tó wá ń fi ọ̀kadà gbé àwọn tó ṣì ń kàwé. Bí ó bá gbé èrò fún wákàtí kan péré lọ́sẹ̀ tí ìjọba ń ṣèwádìí, wọ́n ti kà á mọ́ àwọn tó níṣẹ́ lọ́wọ́.

Àjọ ìṣirò orílẹ̀-èdè wa, NBS, sọ pé ìdá 33.3 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò níṣẹ́ ní ìparí ọdún 2020. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n dákẹ́ fún ohun tó lé ní ọdún méjì. Nígbà tí wọ́n máa fọhùn ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, ìdá 4.1 ni wọ́n pè é. Ilé iṣẹ́ kọ́ ló pọ̀ sí i, òṣùwọ̀n ni wọ́n pààrọ̀. Tẹ́lẹ̀, ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ tó ogún wákàtí lọ́sẹ̀, aláìníṣẹ́ ni. Ní báyìí, wákàtí kan ti tó.

Àwọn agbẹnusọ ìjọba yóò ní òṣùwọ̀n àgbáyé ni. Òótọ́ ni, Amẹ́ríkà pàápàá ń lò ó. Ṣùgbọ́n ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀ sábà máa ń rí owó ìrànwọ́ gbà fúngbà díẹ̀, kí ó fi wá iṣẹ́ gidi. Níbí, ebi ni yóò gbé ẹni tó bá jókòó dìde. Ilé iṣẹ́ bébà ìjọba àpapọ̀ ní Ìwopin, ní Ogun Waterside, ti kú tipẹ́. Bí ẹni tí ì bá rí iṣẹ́ níbẹ̀ bá na àwọ̀n sínú ọ̀sà fún wákàtí kan, òun náà ti níṣẹ́ nìyẹn!

Kí ló kan èlé orí owó nínú èyí? Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, ìjọba Amẹ́ríkà kéde pé iṣẹ́ 73,000 péré ló wọlé ní oṣù Keje, wọ́n sì yọ 258,000 kúrò nínú iye tí wọ́n ti kéde fún oṣù méjì tó ṣáájú. Lọ́jọ́ náà gan-an, ọjà ìpín ìdókòòwò já wálẹ̀, àwọn oníṣòwò owó sì bẹ̀rẹ̀ sí í retí pé èlé yóò dín kù. Inú bí Ààrẹ Trump, ó lé olórí àjọ tó ṣe ìṣirò náà. Síbẹ̀, ní oṣù Kẹsàn-án, báńkì àpapọ̀ wọn dín èlé kù, nítorí pé iṣẹ́ ń fà sẹ́yìn.

Ní oṣù Kẹsàn-án yẹn kan náà, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà dín tirẹ̀ kù láti ìdá 27.5 sí 27. Kí ni ìdí pàtàkì tí wọ́n sọ? Pé ọ̀wọ́n gógó ń rọlẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi èlé kún un lẹ́ẹ̀mẹfà ní ọdún 2024, ọ̀wọ́n gógó náà ni wọ́n tọ́ka sí. Òfin Amẹ́ríkà pa á láṣẹ pé kí báńkì wọn máa wo iṣẹ́ àti iye ọjà pọ̀. Òfin ọdún 2007 tó gbé tiwa ró kò dárúkọ iṣẹ́ láàárín àwọn ojúṣe rẹ̀.

Mi ò ní kí wọ́n má gbógun ti ọ̀wọ́n gógó o. Ohun tí mo ń sọ ni pé oníṣòwò pákó ní Ìjẹ̀bú-Igbó tí èlé lé kúrò ní báńkì, tó sì dá ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta dúró, kò farahàn níbì kankan. Ọmọ iṣẹ́ wọ̀nyẹn yóò kiri ọjà, òǹkà yóò sì ní kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n fi ète sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá.

Kí NBS máa kéde wákàtí tí ènìyàn fi ṣiṣẹ́ àti owó tó wọlé fún un, ní ọjọ́ tí gbogbo ayé mọ̀, lóṣù mẹ́ta mẹ́ta. Kí àwọn aṣòfin wa fi iṣẹ́ kún ojúṣe Báńkì Àpapọ̀. Ẹni tí òǹkà bá fi pamọ́, báńkì kò lè rí i.