Igi Gogoro Ẹ̀yìnkùlé Ẹ̀gbọ́n Mi

Nínú oṣù kẹrin, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan tí wọ́n ń gbé ní Kent, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pè mí lórí fóònù. "Àbúrò, mo ti rí agégi. Tó bá di Sátidé, gbogbo igi ẹ̀yìnkùlé yìí ti di ìtàn." Leylandii mẹ́fà ni igi ọ̀hún, onílé àtijọ́ ló gbìn wọ́n. Wọ́n ga tó mítà 10, orí wọn ṣóńṣó bí ọ̀kọ̀. Ẹ̀gbọ́n fẹ́ sọ ibẹ̀ di igbó oúnjẹ: ápù àti píà lókè (píà tàwọn òyìnbó ni o, kì í ṣe èyí tí à ń fi jẹ búrẹ́dì), igi eléso kéékèèké lábẹ́ wọn, tẹ̀tẹ̀ àti elégédé nílẹ̀.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, igi gogoro má gún mi lójú..."

Wọ́n já a gbà lẹ́nu mi: "Òkèèrè la ti ń wò ó! Ìdí tí mo fi fẹ́ gé e nìyẹn, kó tó gún mi."

Bí ọ̀pọ̀ wa ṣe ń lo òwe yìí nìyẹn. A gbọ́ igi, a gbọ́ ojú, ọwọ́ ti kan àdá. Àmọ́ òwe kò ní ká gé igi. Ó ní ká wò ó, ó sì sọ ibi tí a ó ti máa wò ó. Ẹni tó fi imú kan igi, ẹ̀ka tó fẹ́ gún un nìkan ló ń rí.

Kí ni wíwò láti òkèèrè wá jẹ́ nínú ọgbà? Wíwo òjìji ni. Ní ìhà Kent, oòrùn kì í wà láàárín ọ̀run bíi tiwa, apá gúúsù ló máa ń gbà kọjá. Lọ́sàn-án gangan nínú oṣù kẹfà, òjìji igi mítà 10 kì í ju nǹkan bíi mítà 5 lọ. Ní nǹkan bí ogúnjọ́ oṣù kẹta, ó ti tó 12 sí 13. Tó bá di oṣù kejìlá, ó lé ní 35, ó ti wọ ọgbà aládùúgbò. Ẹni tó bá wò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo á ṣì í mọ̀. Òjìji oṣù kejìlá ló ń dẹ́rù bani jù, bẹ́ẹ̀ ápù ti wọ́wé nígbà yẹn, ó ń sùn, kò bá oòrùn ní gbèsè kankan. Ti oṣù kẹta sí ìkẹsàn-án ló yẹ ká máa ṣọ́.

Mẹ́ta nínú igi náà wà ní gúúsù, àwọn ló ń jí oòrùn. Mẹ́ta tó kù wà ní àríwá. Òjìji wọn ń lọ sí ẹ̀yìn odi, afẹ́fẹ́ tútù àríwá sì ni wọ́n ń dá dúró fún òdòdó ápù. Ẹ̀gbọ́n fẹ́ lé olè, wọ́n fẹ́ lé ọdẹ mọ́ ọn!

Àwọn bàbá wa tó dá oko kòkó mọ èyí. Wọn kì í gé igbó kanlẹ̀, wọ́n máa ń dá igi ńlá díẹ̀ sí kí ọmọ kòkó lè rí ibòji. Robert Hart tó dá igbó oúnjẹ sílẹ̀ ní Shropshire, tí àwọn òyìnbó ń tọ ipa rẹ̀, ọgbà ìdílé àwọn ará Kerala ní Íńdíà wà lára ohun tó wú u lórí. Kí ẹ̀gbọ́n mi má rò pé nǹkan òyìnbó ni wọ́n ń ṣe.

Ẹ̀gbọ́n tún ní ewé Leylandii náà ti ba ilẹ̀ jẹ́, pé ó ti sọ ọ́ di kíkan. Àsọdùn ni. Ohun tó ń pa ọ̀gbìn lábẹ́ Leylandii ni òkùnkùn àti ọ̀gbẹlẹ̀: ẹ̀ka gba òjò lókè, gbòǹgbò mu ìyókù.

Ohun tó bà mí lẹ́rù gan-an ni ilẹ̀ amọ̀ tí ilé wọn wà lórí rẹ̀. Bí igi tó ti ń fa omi nínú amọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún bá kúrò lójijì, amọ̀ lè mumi kó wú, kó sì gbé ìpìlẹ̀ ilé sókè. Ó yẹ kí onímọ̀ wò ó kí ẹ̀rọ ìgégi tó dún. Ó yẹ ká bi káńsù náà bóyá òfin dáàbò bo igi kankan níbẹ̀. Ẹyẹ sì ń yé ẹyin lóṣù kẹrin. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1981 tó dáàbò bo ẹyẹ kò gbà kéèyàn mọ̀ọ́mọ̀ tú ìtẹ́ wọn.

Mo sọ gbogbo èyí fún wọn, agégi kò sì wá ní Sátidé yẹn. Ẹ̀gbọ́n bínú sí mi fún ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ra ọ̀pá ọparun, wọ́n ń ri í mọ́ ibi tí òjìji dé, lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ní agogo kan ọ̀sán. Ní oṣù kẹfà ni wọ́n tún pè.

"Àbúrò, òjìji yìí mà ti sá padà o. Mo ti gbin elégédé síbi tó fi sílẹ̀."

Mo bi wọ́n léèrè igi ńkọ́. Wọ́n ní àwọn ti gúúsù á lọ ní oṣù kẹwàá, bí ẹni tó ń yẹ ìpìlẹ̀ wò bá fọwọ́ sí i. Àwọn ti àríwá? "Ẹyẹ kan wà nínú ọ̀kan tó máa ń jí mi láàárọ̀. Jẹ́ kó wà níbẹ̀ ná."