Ẹ Sọ̀kalẹ̀ Lórí Ẹ̀yìn Rẹ̀!

Ó tún ti ṣẹlẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ládùúgbò wa, tí kò gbé búlọ́ọ̀kù rí láyé rẹ̀, lọ fi odidi ọjọ́ kan kó o. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò lè bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kó dojú bolẹ̀. Ọ̀kan gorí ẹ̀yìn rẹ̀, èkejì di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, ó ń fà á. Ó ń ké, wọ́n ń rẹ́rìn-ín: "Fara dà á, ìrora náà ló ń jáde yẹn!" Kò sí ìrora tó jáde. Ilé ìwòsàn ni wọ́n gbé e dé.

Ta ló tilẹ̀ sọ fún wa pé ìrora ní í lé ìrora? Bí èèyàn bá ṣe iṣẹ́ tí kò mọ́ ọn lára, àwọn fọ́nrán tín-ín-rín inú iṣan a máa já díẹ̀díẹ̀, ara a sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún wọn ṣe. Ìdí nìyí tí ara fi máa ń ro jù ní ọjọ́ kìíní sí ìkẹta lẹ́yìn iṣẹ́, tí yóò sì lọ fúnra rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó pé. Iṣan tó ń tún ara rẹ̀ ṣe lẹ wá ń tẹ̀ mọ́lẹ̀! Bí aṣọ bá ya, ṣé ẹ máa ń fà á kó lè san ni?

Ẹ óò ní, "Bàbá mi máa ń ní kí n gun ẹ̀yìn òun nígbà tí mo wà lọ́mọdé." Ọmọ ọdún mẹ́rin kọ́ ni géńdé! Ti ọrùn ló wá burú jù. Ẹni tó gbá orí ẹlòmíì mú, tó yí i gbì kó lè dún, lè ya iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ọpọlọ, kí rọpárọsẹ̀ sì gbabẹ̀ wọlé. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ti tó ba ayé èèyàn jẹ́. Gbogbo èyí nítorí ìró "kó" lásán!

Ẹ na ara fúnra yín, jẹ́jẹ́. Ẹ kọ́kọ́ rìn fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Fún ẹsẹ̀, ẹ fọwọ́ ti ògiri, ẹ gbé ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, kí orúnkún rẹ̀ nà, kí gìgísẹ̀ má kúrò nílẹ̀. Fún ẹ̀yìn, ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀, kí ẹ fa orúnkún kan wá sí àyà. Fún ọrùn, ẹ rọra tẹ etí sápá èjìká; ẹ má fọwọ́ fà á. Ẹ dúró bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 15 sí 30, lẹ́ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹrin, kí ẹ sì máa mí. Bó bá ti ń dunni, ẹ ti ṣe é kọjá ààlà.

N kò ní tàn yín: nínà ara kò ní lé ara ríro àná lọ lójú ẹsẹ̀. Ara tó gan ni yóò máa dẹ̀, bí ẹ bá ń ṣe é lemọ́lemọ́ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Bí ìtọ̀ bá dúdú bíi kóòkì lẹ́yìn iṣẹ́ líle, tàbí tí ẹsẹ̀ kan bá wú, ilé ìwòsàn ló kàn.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ipá kọ́ ni ìtọ́jú. A kì í ra ọrùn lọ́jà, a kì í yá ẹ̀yìn lò. Ẹ fún ara ní sùúrù, kí ẹ sì kọ́ àwọn ọmọ yín bẹ́ẹ̀.