Kí Èrè Má Ṣe Di Ọ̀gá

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ yẹ orúkọ kan wò. Ẹgbẹ́ tí àgbẹ̀ àti oníṣòwò fi ń kó owó jọ, tí wọ́n sì ń yá ara wọn, ni à ń pè ní alájẹṣẹ́kù: ẹ jẹ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ó ṣẹ́kù. Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ yẹ Ìlobùú àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun, ìlú méjì tí wọ́n múlé ti ara wọn, tí ìjà ilẹ̀ sì ti pa lára.

Àwọn kan ní ẹgbẹ́ tí a dá sílẹ̀ fún ire ìlú kò gbọdọ̀ wá èrè. Irọ́ ni! Ẹgbẹ́ tí kò jèrè yóò jẹ ojú owó rẹ̀ tán. Àwọn mìíràn ní bí ẹgbẹ́ bá ti di ńlá, kí ó máa yá olówó nìkan, nítorí pé ibẹ̀ ni èrè wà. Èyí burú jù.

Ní 1844, ènìyàn 28 ní Rochdale, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣí ìsọ̀ kékeré kan. Wọ́n ta ìyẹ̀fun, bọ́tà àti ṣúgà, wọ́n sì jèrè. Ṣùgbọ́n òfin wọn ti là á sílẹ̀ pé kí olúkúlùkù gba ìpín gẹ́gẹ́ bí ọjà tí ó rà, kí olówó àti tálákà sì ní ìbò kan péré.

Ẹ wo tiwa. Ní 1935 ni ìjọba ṣe òfin àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí ní Nàìjíríà. Ní 1953 ni a dá Co-operative Bank sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ béèrè pé kí báńkì kọ̀ọ̀kan ní bílíọ̀nù náírà 25, ó dara pọ̀ mọ́ àwọn mìíràn ní 2006, wọ́n di Skye Bank. Nínú irú báńkì bẹ́ẹ̀, ìbò ń tẹ̀lé iye ìpín, kì í tẹ̀lé iye ènìyàn. Ní 2018 a gba ìwé àṣẹ Skye Bank. A kò ní láti wá ọ̀dàlẹ̀ kí a tó mọ ohun tí ó sọnù: àgbẹ̀ kò tún ní ohùn mọ́.

Nítorí náà, inú rere olórí kò tó. Òfin ni kí a gbẹ́kẹ̀ lé. Kí ẹ tó jèrè àkọ́kọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: èló ni ti ìpamọ́, èló ni ti aláìní, ta ni yóò dìbò. Owó kékeré rọrùn láti pín. Owó ńlá ni í dá ìjà sílẹ̀. Bí àgbẹ̀ Ìlobùú àti ti Ìfọ́n bá ní ìbò kan náà nínú ẹgbẹ́ kan náà, èrè yóò jẹ́ ìránṣẹ́ wọn, kì yóò jẹ́ ọ̀gá wọn.