Ẹyẹ tó ń sá fún òtútù Òyìnbó, ọ̀dọ̀ wa ló ń wá. Ta ló ń kọ ọ́ sílẹ̀?

Bí ọyẹ́ bá ti mú, tí ètè ń bó, tí eruku bo ewé igi, gbogbo wa la mọ̀ pé lékèélékèé yóò dé. Yóò máa tẹ̀lé màlúù kiri inú pápá, àwọn ọmọdé yóò sì máa ju ọwọ́ sí i pé kó bá àwọn fi funfun sí èékánná. Àwòdì náà yóò máa rà bàbà lójú ọ̀run. Bí òjò bá tún ti fìdí múlẹ̀, wọn yóò kọrí sí òkè Ọya. Bí àwọn bàbá wa ṣe bá a nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá bi wá léèrè pé ọjọ́ wo gan-an ni lékèélékèé kọ́kọ́ dé ìlú wa, mélòó ló wá, ṣé wọ́n pọ̀ tó ti èṣí, agbára káká la ó fi rí ẹni kan nínú ẹgbẹ̀rún tí yóò lè dáhùn. Wòlíì Jeremáyà ti sọ ọ́ ní orí kẹjọ ìwé rẹ̀ pé àkọ̀ àti alápàńdẹ̀dẹ̀ mọ ìgbà wíwá wọn; àwọn ènìyàn tí kò mọ tiwọn ló sì fi ẹyẹ náà bá wí. Ìbáwí yẹn kò tíì kúrò lọ́rùn wa.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwọn Òyìnbó gbọ́n nínú ọ̀rọ̀ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Alápàńdẹ̀dẹ̀ kan wà lọ́dọ̀ wọn tó máa ń fi amọ̀ kọ́lé sábẹ́ àjà ilé ẹran nígbà ooru, àmọ́ bí òtútù bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, a pòórá. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ọ̀mọ̀wé wọn kan fi ń kọ ọ́ sínú ìwé pé ìsàlẹ̀ omi ló ń lọ sùn. Ní 1822, wọ́n pa àkọ̀ funfun kan nítòsí ìlú Klütz nílẹ̀ Jámánì, wọ́n sì bá ọ̀kọ̀ kan tó gún un lọ́rùn ní àgúnyọ. Ọ̀kọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà ni. Ọ̀hún ni wọ́n ti gún ẹyẹ náà, tó sì gbé e fò délé. Ó ṣì wà ní ìpamọ́ ní Yunifásítì Rostock títí di òní.

Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi òrùka irin tín-ín-rín tó ní nọ́ńbà sí ẹyẹ lẹ́sẹ̀. Ní oṣù karùn-ún 1911, agbẹjọ́rò kan ní Staffordshire, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi òrùka sí alápàńdẹ̀dẹ̀ kan. Ní oṣù kejìlá 1912, wọ́n mú ẹyẹ kan náà nínú ilé oko kan ní Natal, ní Gúúsù Áfíríkà. Ẹyẹ tí kò wúwo ju ìdá kan nínú mẹ́ta ẹyin adìẹ lọ ló rin ìrìn yẹn! Agbẹjọ́rò ló fi òrùka sí i. Ẹlòmíràn tí kò mọ̀ ọ́n rí ló kọ lẹ́tà sí London pé a ti rí i. Bí ẹni kejì yìí bá ju òrùka náà nù, iṣẹ́ ẹni àkọ́kọ́ di òfo. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ní Amẹ́ríkà, àṣà kan wà nígbà kan rí pé lásìkò Kérésìmesì, àwọn ọkùnrin a pín ara wọn sí ọ̀nà méjì, wọ́n a gbé ìbọn wọ igbó; ìhà tó bá pa ẹyẹ àti ẹran jù ló borí. Lọ́jọ́ Kérésìmesì 1900, Frank Chapman ní kí wọ́n gbé ìbọn sílẹ̀, kí wọ́n mú ìwé àti pẹ́ńsùlù, kí wọ́n ka ẹyẹ dípò kí wọ́n pa á. Ènìyàn 27 péré ló jẹ́ ìpè rẹ̀, ní ibi 25. Lónìí, ẹgbẹẹgbàárùn-ún ènìyàn ló ń jáde lọ́dọọdún, láti ọjọ́ 14 oṣù kejìlá sí ọjọ́ 5 oṣù kìn-ín-ní. Wọ́n a mú agbègbè roboto kan tó fẹ̀ ní máìlì 15, wọ́n a pín in láàárín ara wọn, wọ́n a sì ka gbogbo ẹyẹ tí wọ́n bá rí lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, ọ̀pọ̀ nínú wọn a péjọ, wọ́n a jẹun, oníkálukú a ka ohun tó rí sétígbọ̀ọ́ àwọn yòókù. Ẹni tó bá ní òun rí ẹyẹ tí kì í sábà wá, wọ́n a yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò bí ìgbà tí adájọ́ ń gbọ́ ẹjọ́: níbo, aago mélòó, irú ẹnu wo ló ní?

Kí ni èrè rẹ̀? Ní 2019, àwọn onímọ̀ kó irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ jọ, wọ́n sì rí i pé láti 1970, ẹyẹ Amẹ́ríkà àti Kánádà ti dín ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 3. Níbi tí ẹyẹ 10 wà tẹ́lẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 7 ló kù. Kò sí ẹnì kan tí ojú rẹ̀ nìkan lè rí irú àdánù yẹn, nítorí díẹ̀díẹ̀ ló ń lọ. Ìwé ló rí i.

Nílẹ̀ tiwa ńkọ́? Ní Ebbaken, lágbègbè Boje ní ìpínlẹ̀ Cross River, alápàńdẹ̀dẹ̀ tó lé ní mílíọ̀nù kan ló ń wá sùn nínú eèsún lẹ́bàá òkè nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kì í ṣe àwọn tó ń kọ́lé sábẹ́ àjà wa la ń wí o. Àwọn àlejò láti Yúróòpù ni, wọn kì í kọ́lé níhìn-ín, wọn kì í yé ẹyin níhìn-ín. Àwọn ará abúlé ti mọ̀ wọ́n tipẹ́, wọ́n ń fi àtè mú wọn jẹ. Ìparí àwọn ọdún 1980 ni àwọn onímọ̀ ẹyẹ tó gbọ́. Ẹ wo ohun tó wà níbẹ̀: ẹyẹ tí Òyìnbó fi ọ̀pọ̀ ọdún wá ibi tó ń sùn, ọmọ abúlé Ebbaken mọ ibùsùn rẹ̀ bí ẹní mọ owó. Ohun tí ọmọ abúlé kò ní ni ẹni tí yóò gbọ́ ọ, tí yóò sì kọ ọ́.

Ẹlòmíràn yóò ní ta ló ráyè ẹyẹ nígbà tí oúnjẹ wọ́n. Ẹ jẹ́ ká rántí oṣù kejì 2006, nígbà tí àìsàn adìẹ tí wọ́n ń pè ní H5N1 bẹ́ sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Kàdúná, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n rí i ní Áfíríkà. Adìẹ ń kú, wọ́n ń sun ún, àwọn olóko adìẹ ń di gbèsè. Àwọn kan ní ẹyẹ àlejò ló gbé e wá. Àwọn kan ní àwọn tó ń kó òròmọdìẹ wọlé láti òkè òkun ni. Bá a bá ní ìwé tó sọ irú ẹyẹ tó wá, ọjọ́ tó dé àti ibi tó bà sí, ẹ̀rí ìbá wà nílẹ̀ fún ẹjọ́ yẹn. Àìkọ ẹyẹ sílẹ̀ lè sọ àgbẹ̀ di aláìní.

Èyí tó dunni jù ni ti igún. Ẹni tó ti lé ní ogójì ọdún yóò rántí pé kò sí odò ẹran tí igún kì í kún. Lónìí, ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló jẹ́ pé inú òwe nìkan ni wọ́n ti ń gbúròó rẹ̀. Láti 2015 ni wọ́n ti kọ orúkọ igún tiwa yìí mọ́ àwọn ẹyẹ tó kù díẹ̀ kí wọ́n parun pátápátá láyé; májèlé wà níbẹ̀, pípa á fún oògùn náà sì wà níbẹ̀. Ọdún wo ló kúrò nílùú yín? Ọdún wo ni ẹ rí i kẹ́yìn? A fi ojú wa rí i nígbà tó wà, a kò mọ ọjọ́ tó lọ. Bí òkú ọba bá lọ láìsí ẹni tó sọ ọjọ́, ilé ọba ti dàrú nìyẹn.

Síbẹ̀, a kò ṣàìní àpẹẹrẹ. Ní 1958, J. H. Elgood, tó ń kọ́ni nílé ẹ̀kọ́ gíga Ìbàdàn, kọ nípa ẹyẹ dúdú òun pupa kan, ìbátan ẹ̀gà, tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ sílẹ̀ rí. Orúkọ Ìbàdàn ni ó fi sọ ọ́: Malimbus ibadanensis. Kò sí níbòmíràn láyé àfi ní apá ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà níhìn-ín, ó sì wà nínú ewu ìparun. Mélòó nínú àwọn ọmọ Ìbàdàn ló mọ̀ pé ìlú wọn ní ẹyẹ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀?

Láti 2015 ni ilé ìwádìí ẹyẹ A. P. Leventis tó wà ní Jos àti àwọn ẹgbẹ́ olùwòyẹ ní onírúurú ìpínlẹ̀ ti ń ya àwòrán ilẹ̀ ẹyẹ Nàìjíríà. Wọ́n pín orílẹ̀-èdè wa sí onígun mẹ́rin kéékèèké, nǹkan bíi kìlómítà 9 sí 9. Ẹni tó bá wọ inú ọ̀kan yóò fi wákàtí méjì, ó kéré tán, kọ orúkọ gbogbo ẹyẹ tó bá rí tàbí tó bá gbọ́ ohùn rẹ̀, bí wọ́n ṣe tẹ̀léra. Èyí tó bá sábà ń ṣíwájú nínú ìwé ọ̀pọ̀ ènìyàn, òun ló pọ̀ níbẹ̀. Orí fóònù ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń kọ ọ́ sí, tí wọ́n sì ń fi ránṣẹ́. Ọ̀dọ́ ló pọ̀ nínú wọn, wọn kò sì gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ní ọmọ 40 nínú kíláàsì, ẹ̀yin àgbẹ̀ tí ẹ ń jí lọ sóko, ẹ̀yin ọdẹ tí igbó mọ̀ yín, iṣẹ́ yìí kan yín ju ọ̀mọ̀wé lọ. Ọjọ́, ibi, iye àti ìrísí: ohun mẹ́rin péré ni. Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá, ẹ fi orúkọ tí ìyá yín ń pe ẹyẹ náà kọ ọ́, nítorí orúkọ wọ̀nyẹn náà ń parun. Bí ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn bá dé, àwọn àlejò yóò tún gba ojú ọ̀run wá, bí Ọlọ́run bá fẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bá wa pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́.