Ẹ Yé Fi Igi Tútù Kan Ilẹ̀kùn

Bí ẹ bá wà nínú ilé báyìí, ẹ gbé ojú sókè kí ẹ wo ilẹ̀kùn yín. Ní àkókò òjò, ṣé ẹ kì í fi èjìká tì í kí ó tó padé? Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, ṣé ẹ kì í rí ìta láti àárín pákó méjì? Ọ̀pọ̀ nínú yín ni yóò dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ ó sì fi kún un pé bí igi ṣe ń ṣe nìyẹn, pé kò sí ohun tí ènìyàn lè ṣe sí i.

Irọ́ ni. Igi tí ó gbẹ kí wọ́n tó kàn án kì í ṣe tó bẹ́ẹ̀. Igi tútù ni ó ń ṣe é.

Èmi kì í ṣe gbẹ́nàgbẹ́nà. Ìwé ni mò ń kọ́ àwọn àgbà. Ṣùgbọ́n àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà wà nínú àwọn tí mò ń kọ́, mo sì ń jókòó lórí iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Oṣù keje, tí òjò ń rọ̀, ni wọ́n kan àwọn àga gígùn tí a ń lò níbi ẹ̀kọ́ wa. Kí oṣù kìíní tó parí, ẹsẹ̀ wọn ti ń mì, orí wọn sì ti là. Ẹni tí ó kàn wọ́n ní àwa ni a kò mọ̀ ọ́n jókòó! Mo kọ̀ fún un, mo sì tún ń kọ̀ nínú ìwé yìí.

Kí ni ó wà nínú igi tútù? Omi ni. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gé igi, omi inú rẹ̀ lè wúwo tó ìdajì igi náà fúnra rẹ̀, nígbà mìíràn ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀nà méjì ni omi yìí gbà wà níbẹ̀. Èkíní wà nínú àwọn ihò wẹ́wẹ́, bí omi ṣe ń wà nínú kèrègbè. Èkejì rin ara igi gan-an, bí omi ṣe ń rin aṣọ. Omi inú ihò ni ó ń kọ́kọ́ jáde, igi kò sì ní í súnkì nígbà náà. Ìgbà tí omi ara igi bá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ni igi ń súnkì. Nítorí náà, pákó lè fúyẹ́ díẹ̀, ojú rẹ̀ lè gbẹ, kí ó má sì tíì bẹ̀rẹ̀ sí í súnkì rárá. Bí ẹ bá kàn án ní ọjọ́ yẹn, inú ilé ẹni tí ó rà á ni yóò ti máa gbẹ.

Kì í sì í súnkì bákan náà ní gbogbo ara. Ní gígùn, díẹ̀ bíńtín ni. Ní ìbú ni wàhálà wà. Ẹ wo orí igi tí a gé, ẹ ó rí àwọn òrùka tí ó yí ara wọn ká. Ìbú tí ó tẹ̀lé òrùka wọ̀nyẹn ń súnkì tó ìlọ́po méjì ìbú tí ó wá láti àárín igi sí èèpo. Ìdí nìyí tí pákó fi ń ká bí ewé gbígbẹ. Ẹ má rò pé ìṣó lè dá a dúró. Bí ìṣó bá dì í mú, yóò là.

Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé: «Ṣebí igi tútù ni àwọn baba wa fi ń gbẹ́ orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu níbí?» Òótọ́ ni. Igi tútù rọ̀, ọ̀bẹ ń wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ yí orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ padà kí ẹ wo inú rẹ̀. Agbẹ́gilére ti gbẹ́ inú igi dà nù títí ó fi fẹ́lẹ́, omi sì rí ọ̀nà jáde ní inú àti ní ẹ̀yìn. Kò sí igi mẹ́rin tí ó yí i ká tí ó ń fún un mọ́lẹ̀. Bí ó bá súnkì, gbogbo rẹ̀ ni yóò súnkì pọ̀. Odó náà rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀kùn kò rí bẹ́ẹ̀, fèrèsé kò rí bẹ́ẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fi iṣẹ́ àwọn baba wa bo ìkánjú ara rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Àwọn mìíràn ní ọ̀dà yóò bò ó. Omi tí ó wà nínú igi ń wá ọ̀nà jáde, yóò sì ti ọ̀dà náà kúrò lára igi. Ẹ lọ wo ilẹ̀kùn tí ọ̀dà rẹ̀ ń bó bí awọ ejò.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó wúwo ju èyí lọ, n kò sì ní í fi ṣeré. Àwọn ọ̀gá ní: «Níbo ni mo ti fẹ́ rí owó ra pákó tí n ó máa wò fún oṣù mẹ́fà? Kí ni àwọn ọmọ mi yóò jẹ?» Owó kò sí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ta ni ó fi ìyà yìí jẹ gbẹ́nàgbẹ́nà? Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé iṣẹ́ fún un ni. Ẹ̀bi yín pọ̀ ju tirẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́. Ẹ ra ilẹ̀. Lẹ́yìn ọdún kan, ẹ ṣe bíríkì díẹ̀. Lẹ́yìn èyí ẹ gbé ògiri dúró, òjò pa á ní ọdún kejì, ó pa á ní ọdún kẹta, kí ẹ tó rí páànù fi bò ó. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ẹ kò rántí ilẹ̀kùn. Ìgbà tí ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ kó wọlé ni ẹ sáré lọ bá gbẹ́nàgbẹ́nà pé ẹ fẹ́ ilẹ̀kùn mẹ́ta ní Sátidé. Kí ni ẹ fẹ́ kí ó ṣe? Yóò lọ ra èyí tí wọ́n là lánàá. Ọjọ́ tí ẹ bá ṣe bíríkì àkọ́kọ́ ni kí ẹ ra pákó àkọ́kọ́. Bíríkì yóò máa gbẹ, pákó yóò máa gbẹ.

Ẹ̀yin ọ̀gá náà, ẹ kì í ṣe ọmọ ọwọ́. Ẹ ń dá àjọ fún ìgbéyàwó àti fún òkú. Ẹ dá àjọ fún pákó pẹ̀lú. Bí ènìyàn márùn-ún bá ń dá a, oṣooṣù ni ẹnì kan yóò rí owó tò pákó tirẹ̀.

Títò rẹ̀ kò ṣòro. Ẹ wá ibi tí atẹ́gùn ń gbà kọjá lẹ́yìn ibi iṣẹ́, kí ẹ ta òrùlé sí i, ṣùgbọ́n kí ẹ má mọ ògiri yí i ká. Oòrùn kò gbọdọ̀ ta sí pákó lójú kan náà, nítorí òde yóò gbẹ kí inú tó gbẹ, pákó yóò sì là. Ẹ fi bíríkì gbé e kúrò nílẹ̀ dé orúnkún, nítorí ọ̀rinrin àti ikán. Láàárín pákó kan àti èkejì, ẹ fi ọ̀pá wẹ́wẹ́ tí ó ti gbẹ dábùú rẹ̀. Kí gbogbo ọ̀pá náà nípọn bákan náà, tó sẹ̀ńtímítà 2. Kí ọ̀kan jìnnà sí èkejì tó sẹ̀ńtímítà 50. Kí ọ̀pá òkè sì wà ní ọ̀gangan ti ìsàlẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀. Bí wọn kò bá wà ní ọ̀gangan, pákó yóò tẹ̀. Ibí yìí gan-an ni àwọn ọmọ iṣẹ́ ti máa ń ṣe wọ̀bìà wọn. Ẹ fi ọ̀dà tí ó ṣẹ́kù kun orí pákó ní ìpẹ̀kun méjèèjì, torí ibẹ̀ ni omi ń yára gbà jáde jù. Ẹ wá gbé nǹkan wúwo lé gbogbo rẹ̀.

Ìgbà wo ni yóò gbẹ? Ẹ má bi mí ní oṣù. Pákó tí ó nípọn ń pẹ́ ju èyí tí ó fẹ́lẹ́ lọ, igi líle ń pẹ́ ju igi rírọ̀ lọ, àkókò òjò kò sì dà bí àkókò ọyẹ́. Òṣùwọ̀n ni kí ẹ bi. Ẹ gé pákó kan ní àárín, kì í ṣe ní ìpẹ̀kun, kí ó gùn tó apá kan. Ẹ kun orí rẹ̀ méjèèjì lọ́dà kí ó lè máa gbẹ bí àwọn yòókù, kí ẹ sì fi í sáàárín wọn. Ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ń ta ìṣó, kí ó bá yín fi òṣùwọ̀n rẹ̀ wọ̀n ọ́n. Ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Yóò máa dín kù. Bí iye kan náà bá jáde fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, pákó ti gbẹ dé ibi tí afẹ́fẹ́ wa lè gbẹ ẹ́ dé.

Igi gbígbẹ pàápàá ṣì ń mí díẹ̀. Pákó àárín ilẹ̀kùn, ẹ jẹ́ kí ó jókòó sínú poro tí ẹ gbẹ́ sára igi tí ó yí i ká. Ẹ má fi àtè lẹ̀ ẹ́, ẹ má kan ìṣó mọ́ ọn. Bí ó bá jẹ́ àkókò ọyẹ́ ni ẹ kàn án, ẹ fi àyè sílẹ̀ fún un nínú poro náà, nítorí yóò wú bí òjò bá dé.

Ní ti irú igi, ìrókò dára, apá dára, ọ̀gánwó dára. Tẹ́kì náà dára, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún ẹni tí ó ń búra pé ikán kì í jẹ tẹ́kì. Inú rẹ̀ tí ó pọ́n ni ikán ń sá fún. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí ó funfun, ikán ń jẹ ẹ́ dáadáa, ẹ̀gbẹ́ funfun yìí ni ó sì pọ̀ jù nínú tẹ́kì tí kò tíì dàgbà.

Nísinsìnyí ẹ ti mọ ìwé kọ. Ẹ̀yin gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹ fi ẹfun kọ ọ́ sára pákó: orúkọ igi, ọjọ́ tí wọ́n là á, ọjọ́ tí ẹ tò ó. Ẹ̀yin tí ẹ sì fẹ́ ra ilẹ̀kùn, ẹ má tíì san owó. Ẹ ní kí ọ̀gá mú yín lọ sẹ́yìn ibi iṣẹ́ rẹ̀, kí ẹ fi ẹnu ara yín ka ohun tí ó wà lára pákó. Bí kò bá sí nǹkan kan níbẹ̀, ẹ bi í pé ìgbà wo ni wọ́n là á. Bí ó bá ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹ san owó pákó nìkan, kí ẹ kọ ọjọ́ náà sí i fúnra yín, kí ẹ bá a tò ó, kí ẹ sì máa lọ sílé.