Kí Ni Tíṣà Kọ́ Ọmọ Yín Gan-an?

 

Lẹ́tà tí mo fẹ́ dáhùn lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀dọ̀ aránṣọ kan ló ti wá. Inú ń bí i, ó hàn nínú bó ṣe tẹ bírò mọ́ ìwé. Ó ní ọmọ òun obìnrin, ọmọ ọdún 11, ti súkúù dé, ó ń sọ̀rọ̀ nǹkan oṣù àti ojú ara ọkùnrin bí ẹni ń ka ABD. Wọ́n bi í léèrè, ó ní tíṣà àwọn ló kọ́ àwọn. Ìyá yìí ti kó àwọn ará ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin jọ, wọ́n fẹ́ lọ bá tíṣà náà jà ní Mọ́ńdè.

Ìyá mi, ẹ dákun, ẹ jókòó ná.

Mo mọ ohun tó ń bí yín nínú, nítorí bí wọ́n ṣe tọ́ èmi náà nìyẹn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí nǹkan oṣù, mo rò pé nǹkan ti já nínú mi ni. Ọjọ́ méjì ni mo fi ń fọ aṣọ lóru kí ẹnikẹ́ni má baà rí i. Nígbà tí ìyá mi mọ̀, gbólóhùn kan péré ni wọ́n sọ: "Bí ọkùnrin bá fọwọ́ kàn ẹ́ báyìí, oyún dé nìyẹn." Ó parí. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, kọ̀ndọ́ dì mí lọ́wọ́ mú kí n má baà ṣubú nínú mọ́lúè, ẹkún ni mo sun délé! Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín lọ́jọ́ náà o.

Tíṣà yẹn kò dá ọ̀rọ̀ náà rò fúnra rẹ̀. Láti 2003 ni ìjọba àpapọ̀ ti ní ìlànà ẹ̀kọ́ lórí ìgbé-ayé ẹbí àti àrùn éèdì: bí ara ọmọ ṣe ń yí padà tó bá ń bàlágà, ìmọ́tótó, bí ọmọ ṣe lè kọ̀ fún ẹni tó fẹ́ bà á jẹ́. Nígbà tó di oṣù kọkànlá 2022, Adamu Adamu, tó jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́ nígbà náà, ní kí wọ́n yọ ẹ̀kọ́ ìbálòpọ̀ kúrò nínú ìwé àwọn ọmọ kéékèèké. Ó dáa. Ta ló wá fẹ́ kọ́ wọn? Ṣé àwa tá a ń ti ṣọ́ọ̀bù ní aago mẹ́jọ alẹ́?

Bí tíṣà bá sọ ọ́, a ó lọ bá a jà. Bí kò bá sọ ọ́, tí ọmọ lóyún, a ó ní kí ni tíṣà ń ṣe?

A ò tiẹ̀ kà wọ́n sí mọ́. Lọ́dún 1968 tí The Village Headmaster bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣàn, oyè ọ̀gá ilé ìwé ni wọ́n fi pe eré náà. Nínú eré apanilẹ́rìn-ín ayé ìsinsìnyí ńkọ́? Tíṣà á wọ bàtà tó ti lanu, á máa tọrọ gààrí, tàbí kó máa sá tẹ̀lé ọmọ ilé ìwé.

Tíṣà oníranù wà o, mi ò ní bo wọ́n. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 sọ pé ẹ̀wọ̀n gbére ni fún ẹni tó bá bá ọmọdé lò pọ̀. Ìyẹn, ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá tààrà. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò mọ orúkọ ẹ̀yà ara rẹ̀, báwo ni yóò ṣe ròyìn ohun tí wọ́n fi ṣe é? Á kàn ní inú ń run òun ni, ẹ ó sì fún un lágbo mu.

Nítorí náà, ní Mọ́ńdè, ẹ fi àwọn ará ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀. Ẹ̀yin nìkan ni kẹ́ ẹ lọ, kẹ́ ẹ mú ìwé ọmọ náà dání, kẹ́ ẹ ní kí tíṣà ṣàlàyé ohun tó kọ́ wọn. Bí ẹ bá rí ohun tí kò bójú mu níbẹ̀, ọ̀dọ̀ ọ̀gá àgbà ló kàn. Ẹ ò tiẹ̀ sọ fún mi bóyá ọkùnrin ni tíṣà yẹn tàbí obìnrin. Ẹ kọ̀wé padà o, mo fẹ́ mọ ohun tó wà nínú ìwé ọmọ náà.